Ìbéèrè Ìyá Adákẹ́

Ní ilé ìfọṣọ tó wà lẹ́yìn ilé ìwòsàn náà, obìnrin kan wà tí gbogbo èèyàn ń pè ní Aláròyé. Kì í ṣe orúkọ tí àwọn òbí rẹ̀ sọ ọ́, ṣùgbọ́n bí ẹ bá dé ibẹ̀ tí ẹ pe èyí tí wọ́n sọ ọ́, kò sẹ́ni tó máa mọ ẹni tí ẹ ń wá. Ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Bó bá ń da ọṣẹ sínú ẹ̀rọ, ó ń sọ̀rọ̀. Bó bá ń sá aṣọ, ó ń sọ̀rọ̀. Bó bá ń jẹun gan-an, ọ̀rọ̀ àti búrẹ́dì ni yóò jọ máa du ọ̀nà ọ̀fun mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Kò sí ìròyìn kan ní ilé ìwòsàn náà, láti ọ̀dọ̀ àwọn dókítà títí dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ṣọ́ ẹnubodè, tí kò ní gba ẹnu rẹ̀ kọjá kí ó tó dé ibòmíràn. Kì í ṣe èèyàn búburú o. Àwọn ọmọ rẹ̀ ti dàgbà, wọ́n ti tú ká lọ síbi tó jìnnà, ọkọ rẹ̀ sì jẹ́ ẹni tó lè jókòó láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́ láìsọ ju "ẹ kú iṣẹ́" lọ. Ibi iṣẹ́ nìkan ló kù tí Aláròyé ti lè sọ tẹnu rẹ̀.

Aṣọ bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn kì í ṣe ohun tí ẹnì kan ń dá ká. Èèyàn méjì ni yóò dojú kọ ara wọn, oníkálukú yóò di etí aṣọ méjì mú, wọn yóò nà án kó le dáadáa, wọn yóò ṣẹ́ ẹ po, wọn yóò tún nà án, lẹ́yìn náà ni wọn yóò rìn pàdé ara wọn kí ọwọ́ ọ̀kan lè gba etí aṣọ lọ́wọ́ èkejì. Ọ̀pọ̀ ọdún ni Aláròyé àti obìnrin kan tí wọ́n jọ wọṣẹ́ fi ká aṣọ báyìí, ọ̀rọ̀ ò sì tán láàárín wọn rí. Nígbà tí obìnrin yẹn fẹ̀yìn tì, Aláròyé sunkún bí ẹni tí wọ́n kó lẹ́rù. Kò pẹ́ lẹ́yìn rẹ̀ ni ọ̀gá wọn mú ọkùnrin kan wọlé. Ọkùnrin náà ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, yóò tó ọmọ ogójì ọdún, eyín kan sì ti kúrò lápá òsì ẹnu rẹ̀. Kì í ṣe èjí o. Àlàfo gidi ni, òun sì ni èèyàn máa kọ́kọ́ rí bó bá rẹ́rìn-ín.

"Òun lẹ ó jọ máa ká aṣọ," ni ọ̀gá wí. "Adití ni. Kì í gbọ́ nǹkan, kì í sì í sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ó mọṣẹ́."

Aláròyé wo ọ̀gá, ó wo ọkùnrin náà, ó tún wo ọ̀gá. "Ọ̀gá, kí ni mo fi ṣe yín?"

Gbogbo ilé ìfọṣọ bú sẹ́rìn-ín. Kí wọ́n tó ṣíwọ́ iṣẹ́ lọ́jọ́ náà, wọ́n ti sọ ọkùnrin náà ní Adákẹ́, Aláròyé àti Adákẹ́ sì di ohun tí wọ́n fi ń dá àpárá ní gbogbo wọ́ọ̀dù.

Àwọn ọjọ́ àkọ́kọ́ kò dára rárá. Aláròyé ṣe ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń ṣe tí a bá pàdé adití: ó pariwo. Ó pariwo títí ọ̀fun fi ń dùn ún, bí ẹni pé etí ọkùnrin náà kàn jìnnà díẹ̀ ni. Nígbà tí ìyẹn kò ṣiṣẹ́, ó pa á tì. Ó yíjú sí àwọn tó ń lọ aṣọ lẹ́yìn rẹ̀, ó ń bá wọn tàkúrọ̀sọ, ọwọ́ nìkan ló fi sílẹ̀ fún Adákẹ́. Ni aṣọ bá bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́. Adákẹ́ á fà á, Aláròyé á ti jọ̀wọ́ ẹ̀. Aláròyé á rìn síwájú, Adákẹ́ á ṣì dúró gbagidi. Aṣọ funfun báláú á ṣubú sórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ olómi, wọ́n á sì tún un fọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọ̀gá ní bó bá ń lọ bẹ́ẹ̀, òun máa dá ọkùnrin náà padà síbi tó ti wá.

Lọ́jọ́ kan tí aṣọ tún bọ́, Adákẹ́ kò bẹ̀rẹ̀ mú un. Ó rìn wá síwájú Aláròyé, ó fi ìka méjì tọ́ka sí ojú ara rẹ̀, ó tọ́ka sí ojú Aláròyé, ó wá fi ọwọ́ ṣe bí ẹni ń ká aṣọ. Lẹ́yìn náà ló tọ́ka sí àwọn tó ń lọ aṣọ lẹ́yìn, níbi tí ọ̀rọ̀ ti ń fa Aláròyé ní gbogbo ìgbà, ó sì mi orí. Ó yé Aláròyé lójú ẹsẹ̀, ojú sì tì í. Obìnrin tí wọ́n jọ ń ká aṣọ tẹ́lẹ̀ máa ń gbọ́ "ó yá" lẹ́nu rẹ̀ ni. Ojú nìkan ni ọkùnrin yìí ní, òun sì ti ń kẹ̀yìn sí i látọjọ́ tó ti dé.

Látìgbà náà ló ti ń wò ó lójú. Ẹni tó bá sì ń wo èèyàn lójú láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, bó pẹ́ bó yá, á fẹ́ bá a sọ nǹkan, áńbọ̀sì Aláròyé. Ó kọ́kọ́ kọ́ "gbóná", torí pé ibi iṣẹ́ wọn gbóná. Ó kọ́ "omi", ó kọ́ "ọṣẹ", ó kọ́ "ó ti ya", "ó ti gbẹ", "kò tíì gbẹ", "ó rẹ̀ mí", "ó parí". Adákẹ́ kì í fojú fo àṣìṣe. Bí ìka kan bá tẹ̀ síbi tí kò yẹ, á di ọwọ́ Aláròyé mú, á tún àwọn ìka náà tò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ohun tó ṣòro jù fún Aláròyé ni pé nínú èdè ọwọ́, bó bá jẹ́ ọ̀gá lèèyàn ń bá sọ̀rọ̀, tàbí àgbàlagbà, ìka kan náà ni wọ́n máa nà sí i. Ìgbà àkọ́kọ́ tó nàka sí ọ̀gá, ó ti kúnlẹ̀ tọrọ àforíjì kí Adákẹ́ tó rí i mú dìde.

Nílé, ó máa ń dá a ṣe níwájú dígí. Ọkọ rẹ̀, awakọ̀ tó ti fẹ̀yìn tì, dúró sẹ́nu ọ̀nà nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó ń wò ó.

"Ìyá àwọn ọmọ, ṣé eṣinṣin lò ń lé ni?"

"Èdè ni mò ń kọ́."

Ọkùnrin náà ronú sí i díẹ̀. "Èyí tó o ní tẹ́lẹ̀ ò tíì tó ẹ?"

Nígbà tó yá, Adákẹ́ mú un lọ sí kíláàsì kan ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn adití, níbi tí òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti máa ń pàdé lọ́sàn-án Sátidé. Aláròyé wọnú yàrá náà, kò gbọ́ ìró kankan àfi ti àga tí wọ́n ń fà nílẹ̀, síbẹ̀ ọ̀rọ̀ kún ibẹ̀ fọ́fọ́. Àwọn kan ń jiyàn, àwọn kan ń fi ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́, ẹnì kan sì ń sọ ìtàn tí àwọn tó yí i ká fi ń gbá tábìlì. Ọwọ́ wọn yá ju kí ojú Aláròyé lè bá a lọ. Ó jókòó sí igun, ó ń rẹ́rìn-ín nígbà tí wọ́n bá rẹ́rìn-ín, kò mọ ohun tó ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Nígbà tó délé lọ́jọ́ náà, kò sọ̀rọ̀ títí ó fi jẹun tán. Ẹ̀rù ba ọkọ rẹ̀.

Ibẹ̀ ló ti mọ̀ pé àwọn adití kì í jókòó ti orúkọ tí wọ́n kọ sínú ìwé. Wọ́n á wo èèyàn dáadáa, wọ́n á mú ohun kan lára rẹ̀ tàbí nínú ìṣe rẹ̀, ìyẹn ni wọ́n á fi ọwọ́ sọ ọ́ lórúkọ, kò sì ní kúrò lára rẹ̀ mọ́. Ó wá hàn pé gbogbo ilé ìfọṣọ ni Adákẹ́ ti sọ lórúkọ. Ọ̀gá ni ọwọ́ tó ń fa ṣòkòtò sókè. Awakọ̀ tó ń kó aṣọ ni ikùn ńlá. Aláròyé béèrè tirẹ̀, Adákẹ́ ṣe bí ẹni pé kò rí i. Nígbà tí obìnrin náà kò yé dà á láàmú, ó gbé ọwọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ẹnu, ó ń ṣí àwọn ìka rẹ̀, ó ń pa wọ́n dé, ó ń ṣí wọn, ó ń pa wọ́n dé. Aláròyé rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Kò kúkú parọ́ mọ́ ọn. Orúkọ Adákẹ́ fúnra rẹ̀ ni orí ìka tí èèyàn bá fi kan àlàfo eyín. Àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Aláròyé bi í pé kí ló mú eyín náà lọ. Adákẹ́ yíjú sí ibòmíràn, adití tó bá sì ti yíjú, ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn.

Ohun kan wà tí Adákẹ́ kò gbà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Lọ́jọ́ kan tí wọ́n ń mu tíì, ọ̀kan nínú àwọn tó ń lọ aṣọ sọ ohun kan nípa ikùn awakọ̀ tó ń kó aṣọ, gbogbo obìnrin ibẹ̀ sì ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tí nǹkan ń ṣe. Adákẹ́ fọwọ́ bi Aláròyé pé kí ló ṣẹlẹ̀. Aláròyé ń nu ojú, ó kàn ju ọwọ́ sí i pé: kò sí nǹkan kan, fi sílẹ̀. Ojú Adákẹ́ yí padà. Ó gbé ago rẹ̀ sílẹ̀. Ó ju ọwọ́ náà gẹ́lẹ́ bí Aláròyé ṣe jù ú, ó tún un jù, ó tún un jù, lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé, ó rọra ń ṣe é kí ó lè yé e. Ó ní nílé àwọn, tí òun bá béèrè ohun tí wọ́n ń sọ, wọ́n á ju ọwọ́. Tí àlejò bá wá, wọ́n á ju ọwọ́. Níbi ìsìnkú bàbá òun, gbogbo èèyàn ń dìde sọ̀rọ̀ nípa bàbá òun lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń sunkún, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, òun bi wọ́n pé kí ni wọ́n ń sọ, wọ́n ju ọwọ́. Wọ́n ní àwọn á sọ fún òun tó bá yá. Títí di òní, òun kò mọ ohun tí wọ́n sọ. Ó nàka sí Aláròyé: ìwọ, má ṣe é fún mi mọ́. Aláròyé kò sì ṣe é mọ́. Àwàdà burúkú tí wọ́n bá ṣe nínú ilé ìfọṣọ náà, tó fi dórí èyí tí kò pani lẹ́rìn-ín, ó ń fi ọwọ́ rò ó fún un látìbẹ̀rẹ̀ dópin.

Ìgbà òjò ni wọ́n gbé ìyá Adákẹ́ wá sí ilé ìwòsàn náà. Ọkàn rẹ̀ ló ti rẹ̀, èémí kò sì dé inú mọ́. Àwọn dókítà kò fi ọ̀rọ̀ pa mọ́: wọn kò rò pé ó tún máa délé. Aránṣọ ni kí àárẹ̀ tó dé, ara rẹ̀ ti gbẹ, àmì dúdú kan tó tó bọ́tìnnì wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Adákẹ́ máa ń gòkè lọ bá a tí wọ́n bá sinmi, Aláròyé sì bá a lọ kí ìyá náà. Ohun tó rí níbẹ̀ bà á nínú jẹ́. Ìyá na ọwọ́ sí ife, ọmọ gbé e fún un. Ìyá fọwọ́ lu bẹ́ẹ̀dì, ọmọ jókòó. Ìyá fọwọ́ kan ikùn, ọmọ mi orí pé ebi kò pa òun. Gbogbo ọ̀rọ̀ tó wà láàárín wọn nìyẹn. Nígbà tí Adákẹ́ wá yíjú sí Aláròyé tí àwọn méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ sọ̀rọ̀ lórí aṣọ tí wọ́n fi sílẹ̀ nísàlẹ̀, ìyá náà gbórí sókè lórí ìrọ̀rí, ó ń wo ọwọ́ wọn, kò sì gbé ojú kúrò.

Lọ́jọ́ kejì, nọ́ọ̀sì wá pe Aláròyé pé Màmá ní kó wá, òun nìkan.

"Jókòó, ọmọ mi," ni ìyá náà wí. "Èémí mi ò pọ̀, mi ò ní fi ṣòfò. Ṣé lóòótọ́ ni gbogbo ohun tó bá sọ ń yé ẹ?"

"Kì í ṣe gbogbo ẹ̀, Màmá. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú ẹ̀."

"Èmi tí mo bí i, mi ò gbọ́ ọ rí." Ó sinmi. "Á tó ọmọ ọdún mẹ́wàá nígbà yẹn. A ṣẹ̀ṣẹ̀ mú un lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn adití ni, ó wá lo ọlidé àkọ́kọ́ nílé. Bó ṣe wọlé báyìí, kò tiẹ̀ tíì sọ ẹrù kalẹ̀, ó dúró síwájú mi, ó ń fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ó ń kàn án, ó ń wò mí. Mo gbé oúnjẹ fún un, ó tì í sẹ́yìn. Mo fọwọ́ kàn án lára, ara ẹ̀ ò gbóná. Lójoojúmọ́, ẹ̀rẹ̀kẹ́, ẹ̀rẹ̀kẹ́. Tí mo bá ń ránṣọ, á wá fà mí ní ìró, á tún fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́. Mo ní eyín ló ń dùn ún."

Aláròyé ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ń lọ.

"Mo mú un lọ sọ́dọ̀ ọkùnrin kan tó ń yọ eyín ládùúgbò. Èmi ni mo di ọwọ́ ẹ̀ mú. Ọmọ náà kígbe tó jẹ́ pé àwọn tó ń kọjá dúró. Nígbà tí ọkùnrin náà gbé eyín yẹn lé mi lọ́wọ́, ó mọ́ tónítóní. Kò sí ohun tó ṣe é. Kò fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ mọ́ látọjọ́ yẹn. Mo bi olùkọ́ kan nílé ẹ̀kọ́ ẹ̀, ó ní kò sí nǹkan tó jọ bẹ́ẹ̀ nínú èdè àwọn. Èmi ò sì mọ̀wé tí ǹ bá fi kọ ọ́ bi í. Bá mi bi í. Kí ló ń sọ fún mi? Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ kí n tó lọ nìyẹn, mi ò fẹ́ nǹkan míì."

Aláròyé ṣèlérí, ó sì sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú ìdààmú. Ọ̀rọ̀ ilé ìfọṣọ ló pọ̀ jù lọ́wọ́ rẹ̀: ó gbóná, ó ya, ó ti gbẹ. Báwo lèèyàn ṣe ń fi ìyẹn béèrè ọ̀rọ̀ àtijọ́ bí èyí? Ó dúró títí ọwọ́ fi dilẹ̀, ó sì tò ó bó ṣe mọ̀ ọ́n tò. Ìyá rẹ béèrè. Nígbà tí o wà ní kékeré. Ó wá fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ ara rẹ̀. Kí ni?

Aṣọ tó ṣì gbé dání bọ́ lọ́wọ́ Adákẹ́. Kò tíì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ rí láti ìgbà tí wọ́n ti ń wo ara wọn lójú.

Ó gbé ọwọ́ sókè. Ó ní ní tọ́ọ̀mù àkọ́kọ́ yẹn, àwọn ọmọ tí òun bá nílé ẹ̀kọ́ kọ́ òun pé gbogbo èèyàn ló ní orúkọ lọ́wọ́, ìyá èèyàn náà ní. Òun ronú títí, òun wá rántí àmì ẹ̀rẹ̀kẹ́ ìyá òun. Ní gbogbo tọ́ọ̀mù náà, òun ń dá a pè lórí bẹ́ẹ̀dì kí òun tó sùn. Ìgbà tí òun délé, òun pè é. Ó tún fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ náà níwájú Aláròyé: mò ń pè é ni. Mo pè é títí. Ó wá ya ẹnu, ó fi àlàfo eyín rẹ̀ hàn án.

Aláròyé bẹ̀rẹ̀, ó mú aṣọ náà nílẹ̀.

Adákẹ́ ní: má sọ fún un. Ó ń kú lọ. Bó bá mọ̀ pé torí pé mò ń pè é ni wọ́n ṣe yọ eyín mi, kí ni kó fi ìyẹn ṣe? Sọ pé mo ti gbàgbé.

Ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ ọmọ gidi nìyẹn. Aláròyé gbà bẹ́ẹ̀. Ó gòkè padà, àtẹ̀gùn náà sì gùn lójú rẹ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. "Màmá," ó ní, "ó ní òun ti gbàgbé."

Ìyá náà wò ó. Kò jiyàn. "Ó dáa, ọmọ mi. O ṣeun," ló wí, ó sì rọra gbé ọwọ́ lórí aṣọ bẹ́ẹ̀dì, ó jù ú díẹ̀. "Kò sí nǹkan kan. Fi sílẹ̀." Ó wá yíjú sí ògiri.

Ọwọ́ tó jù yẹn ni kò jẹ́ kí ara Aláròyé gbà á. Ó ti mọ̀ ọ́n dáadáa. Nígbà tó fi dé ilé ìfọṣọ, inú ti bí i, kò tiẹ̀ mọ ẹni tí inú ń bí òun sí. Ó dúró síwájú Adákẹ́, ó ju ọwọ́ náà lójú rẹ̀. Ohun tí o ní kí n ṣe fún ìyá rẹ nìyí, ó wí fún un. Adákẹ́ yíjú. Aláròyé rìn yípo agbọ̀n aṣọ, ó lọ dúró síbi tó yíjú sí. Adákẹ́ tún yíjú sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Aláròyé tún yípo. Àwọn tó ń lọ aṣọ dáwọ́ dúró, wọ́n ń wo àgbà obìnrin àti géńdé ọkùnrin tí wọ́n ń yí agbọ̀n ká bí ọmọdé, ṣùgbọ́n wọn kò rẹ́rìn-ín, torí wọ́n rí ojú Aláròyé. Ó ń ṣi àwọn ìka náà gbé, ṣùgbọ́n ó sọ ọ́. Ìwọ béèrè, wọ́n ní fi sílẹ̀. O bínú. Ìyá rẹ béèrè, ìwọ náà ní fi sílẹ̀. Ó wà lókè níbẹ̀, ó ti kọjú sí ògiri.

Adákẹ́ jókòó sórí òkìtì aṣọ tí wọn kò tíì ká. Ó gbórí lé ọwọ́ fún ìgbà díẹ̀. Nígbà tó dìde, ó lọ sídìí ẹ̀rọ omi, ó fi ọṣẹ fọ ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì dáadáa, ó nù wọ́n gbẹ, ó sì fi orí ṣe àmì sí Aláròyé pé kó jẹ́ káwọn lọ.

Ìyá náà ṣì kọjú sí ògiri nígbà tí wọ́n wọlé. Adákẹ́ lọ sí ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀, ó fún ara rẹ̀ mọ́ àárín bẹ́ẹ̀dì àti ògiri kí ìyá rẹ̀ lè rí i. Ó dúró gẹ́gẹ́ bí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé. Ó wá fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́.

"Òun nìyẹn!" Ìyá náà fẹ́ dìde, kò lè dìde. "Ọmọ mi, òun gan-an nìyẹn. Kí ló ń wí?"

"Orúkọ yín ni, Màmá," ni Aláròyé wí. "Àmì ẹ̀rẹ̀kẹ́ yín yẹn ló fi sọ yín lórúkọ. Ẹ̀yin ló ń pè."

Ọwọ́ ìyá náà lọ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó wá àmì náà kàn. "Èmi? Èmi ló ń pè?"

"Ẹ̀yin ni, Màmá."

"Mo sì mú ọmọ mi lọ..." Ètè rẹ̀ ń gbọ̀n. Adákẹ́ rí ètè náà, ó sì mọ ohun tó fẹ́ sọ. Ó mi orí kíákíá, ó fọwọ́ sọ̀rọ̀, Aláròyé sì ń fi ẹnu gbé e: "Ó ní kẹ́ ẹ má sunkún. Ó ní àwọn eyín tó ṣẹ́kù ń ṣiṣẹ́ dáadáa, ó ní ṣé ẹ rí bí òun ṣe ń jẹun ni."

Ìyá náà rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà di ikọ́, ikọ́ náà di ẹkún. Adákẹ́ rọra di ọwọ́ rẹ̀ mú títí èémí rẹ̀ fi wálẹ̀. Lẹ́yìn náà ló jáde kúrò ní àárín ògiri àti bẹ́ẹ̀dì, ó lọ dúró sójú fèrèsé, ó kẹ̀yìn sí wọn, ó ń fi apá aṣọ nu ojú.

"Òun náà ńkọ́?" ni ìyá rẹ̀ wí. "Kí ni wọ́n ń pe òun lọ́wọ́?"

Aláròyé fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ náà mì. Ó fẹ́ sọ pé òun kò mọ̀. Ṣùgbọ́n kò tún lè ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Ó fi orí ìka kan ẹ̀gbẹ́ ẹnu ara rẹ̀, lápá òsì.

"Níbi eyín yẹn?"

"Níbẹ̀ ni, Màmá. Ilé ẹ̀kọ́ ni wọ́n ti sọ ọ́ bẹ́ẹ̀."

Ìyá náà pa ojú dé. Nígbà tó là á, ó gbé ọwọ́ kúrò lórí aṣọ bẹ́ẹ̀dì, ọwọ́ náà wúwo fún un, ó sì fi ìka kan ẹ̀gbẹ́ ẹnu rẹ̀ lápá òsì. Ẹ̀yìn ọmọ rẹ̀ ló ń pè. Adákẹ́ kò rí i.

Aláròyé dìde kó lè lọ fọwọ́ tọ́ ọ léjìká. Ìyá náà mi orí.

"Jẹ́ kó wà níbẹ̀. Òun náà dúró dè mí."

Aláròyé padà jókòó. Ọwọ́ ìyá náà ń fẹ́ já bọ́, ó fi ọwọ́ kejì gbé ìgúnpá rẹ̀ ró, kò sì gbé ìka kúrò lẹ́nu títí Adákẹ́ fi nu ojú tán, tó sì yíjú padà.

Ó tún un pè, kó lè rí i dáadáa. Adákẹ́ fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó sì lọ bá a.